Orí Keje: Álíkálì àti Bóráàsì

Ohun tí orí yìí wà fún

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè sọ ohun tí a ń pè ní álíkálì àti ohun tí bóráàsì jẹ́. Kí ó lè ṣàlàyé ìdí tí omi bóráàsì fi ń ṣe bí álíkálì láìjẹ́ pé ó lè ṣe gbogbo iṣẹ́ álíkálì. Kí ó lè fi àyẹ̀wò yàrá kẹ́místìrì ya bóráàsì sọ́tọ̀ kúrò lára kán-ún, sódà àti álọ́ọ̀mù. Kí ó sì lè sọ ewu tí ó wà nínú fífi ọ̀kan dípò èkejì.

7.1 Ìfáárà

Álíkálì ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ kẹ́místìrì fún ẹgbẹ́ àwọn èròjà tí ó máa ń yọ́ nínú omi, tí omi wọn máa ń yọ̀ lọ́wọ́, tí ó máa ń sọ pépà lítímọ́ọ̀sì pupa di búlúù, tí ó sì máa ń pa agbára ásíìdì. Bóráàsì, ní tirẹ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́. Èròjà kan ṣoṣo ni, tí ó ní àkójọpọ̀ àti ìwà tirẹ̀. Nítorí pé omi bóráàsì náà ń sọ lítímọ́ọ̀sì pupa di búlúù, àwọn kan máa ń kà á mọ́ kán-ún, eérú tàbí sódà, wọn a sì rò pé ọ̀kan lè ṣe iṣẹ́ èkejì. Èrò yìí ni orí yìí fẹ́ tú palẹ̀. Gbogbo ọmọ Ọ̀kà ni ọmọ Àkókó, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ Àkókó ni ọmọ Ọ̀kà. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi bóráàsì ṣe wà nínú agbo álíkálì, ṣùgbọ́n tí púpọ̀ nínú ohun tí ó wà nínú agbo náà kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú bóráàsì.

Agbègbè Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ní Àkókó, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó, dára fún ẹ̀kọ́ yìí, nítorí pé ohun tí a nílò fún un kò jìnnà sí ènìyàn níbẹ̀. Àgbẹ̀ ní èèpo kòkó tí ó lè sun di eérú; ọjà Ìkàrẹ́ wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ wá tí ó sì kọjú sí Kàbà àti Lọ́kọ́ja, ọ̀nà tí ẹrù òkè Ọya ń gbà wọlé, tí kán-ún sì wà lára ẹrù náà; àwọn tí ń ṣe ọṣẹ mọ sódà, àwọn tí ń mú omi kànga tòrò mọ álọ́ọ̀mù, alágbẹ̀dẹ wúrà sì mọ bóráàsì. Ìṣòro tí ó wà ni pé mẹ́rin nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí lè funfun kí wọ́n sì jọ ara wọn nínú ọ̀rá tí a kò kọ orúkọ sí lára.

7.2 Kí ni álíkálì?

Ohunkóhun tí ó bá lè gba háídírójìn lọ́wọ́ ásíìdì, tí ó sì lè tipa bẹ́ẹ̀ sọ ásíìdì náà di iyọ̀, ni a ń pè ní béèsì. Béèsì tí ó bá yọ́ nínú omi ni álíkálì. Gbogbo álíkálì ni béèsì, ṣùgbọ́n béèsì tí kì í yọ́ nínú omi, bí irú kópà ọ́kísáìdì, kì í ṣe álíkálì. Ní ọdún 1884, Svante Arrhenius, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Swídìn, fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún àlàyé tí a ń lò títí di òní, pé àwọn èròjà wọ̀nyí máa ń pín sí àwọn ègé tí ó ní agbára iná lára nínú omi. Àwọn ègé yìí ni a ń pè ní áyọ́ọ̀nù. Áyọ́ọ̀nù tí ó ń fún álíkálì ní ìwà rẹ̀ ni háídírọ́kísáìdì, tí a ń kọ báyìí: OH⁻.

Bí áyọ́ọ̀nù yìí bá ṣe pọ̀ tó nínú omi ni omi náà ṣe le tó. Ní ọdún 1909, Søren Sørensen, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Copenhagen, gbé òṣùwọ̀n pH kalẹ̀, èyí tí a sábà máa ń kà láti 0 dé 14. Omi tí kò ní ásíìdì tí kò sì ní álíkálì wà ní 7; ohun tí ó bá wà lábẹ́ 7 jẹ́ ásíìdì, ohun tí ó bá sì ju 7 lọ jẹ́ álíkálì. Ó ṣe pàtàkì kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n yìí jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, tí ó túmọ̀ sí pé omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 11 ní OH⁻ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ju omi tí pH rẹ̀ jẹ́ 9 lọ.

A lè pín àwọn álíkálì sí ọ̀wọ́ mẹ́ta nípa wíwo ohun tí ó so mọ́ sódíọ̀mù tàbí pọtásíọ̀mù inú wọn. Ọ̀wọ́ kìíní ni àwọn háídírọ́kísáìdì, bí sódà tí àwọn aṣọṣẹ ń rà (NaOH) àti pọtásíọ̀mù háídírọ́kísáìdì (KOH). Àwọn wọ̀nyí ti ní OH⁻ lára tẹ́lẹ̀, wọn a sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní kété tí wọ́n bá kan omi, ìdí nìyí tí wọ́n fi le jù. Ọ̀wọ́ kejì ni àwọn kábọ́néètì àti báíkábọ́néètì, tí kò ní OH⁻ tiwọn, ṣùgbọ́n tí ó máa ń já háídírójìn gbà lára omi tí OH⁻ yóò sì ṣẹ́kù:

CO₃²⁻ + H₂O ⇌ HCO₃⁻ + OH⁻

Ọ̀wọ́ kẹta ni àwọn iyọ̀ mìíràn tí ásíìdì tí ó bí wọn kò lágbára, tí omi wọn sì máa ń ṣe bí álíkálì nítorí èyí. Inú ọ̀wọ́ kẹta yìí ni bóráàsì wà.

7.3 Álíkálì tí ó wà nítòsí: eérú àti kán-ún

Òkúta ńláńlá tí ó yí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ká jẹ́ giráníìtì àti náísì, òkúta àtijọ́ gan-an tí ilẹ̀ àti òjò ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀ láti ayébáyé. Nínú giráníìtì ni fẹ́lísípà wà, èyí tí ó ní pọtásíọ̀mù nínú; bí òkúta náà ṣe ń jẹrà ni pọtásíọ̀mù ń bọ́ sínú ilẹ̀, tí gbòǹgbò igi sì ń fà á. Igi kòkó àti ọ̀pẹ máa ń kó o jọ púpọ̀, pàápàá sínú èèpo kòkó àti ìdì ẹyìn. Nígbà tí a bá sun èèpo kòkó gbígbẹ tàbí ìdì ẹyìn tí a ti gba èso lára rẹ̀, ohun tí ó lè jóná yóò jóná, pọtásíọ̀mù yóò sì ṣẹ́kù sínú eérú gẹ́gẹ́ bí pọtásíọ̀mù kábọ́néètì (K₂CO₃).

Ọ̀nà tí àwọn aṣọṣẹ gbà ń yọ álíkálì yìí rọrùn, ó sì bá ìmọ̀ kẹ́místìrì mu. Wọn a kó eérú sínú ajere, ìkòkò tí ìdí rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, wọn a da omi lé e lórí, omi náà yóò sì máa kán sínú ìkòkò mìíràn tí ó wà nísàlẹ̀. Kábọ́néètì yọ́ nínú omi, nítorí náà ó bá omi jáde. Iyanrìn àti àwọn ohun tí kì í yọ́ kù sínú ajere. Omi eérú tí ó jáde yìí ni álíkálì. Bí eérú náà bá jẹ́ tuntun tí iná rẹ̀ sì gbóná dáadáa, kásíọ̀mù ọ́kísáìdì máa ń wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, tí yóò di kásíọ̀mù háídírọ́kísáìdì bí omi bá ti kàn án, tí yóò sì sọ apá kan nínú kábọ́néètì náà di háídírọ́kísáìdì tí ó le jù ú lọ:

K₂CO₃ + Ca(OH)₂ → 2KOH + CaCO₃

Nígbà tí a bá se omi eérú pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa, álíkálì náà yóò pín ọ̀rá sí méjì, apá kan yóò di ọṣẹ, apá kejì yóò di omi dídùn tí ó ki, tí a ń pè ní glycerol. Ọṣẹ tí pọtásíọ̀mù bá ṣe máa ń rọ̀, bí ọṣẹ dúdú. Èyí tí sódíọ̀mù bá ṣe máa ń le, bí ọṣẹ ìfọṣọ tí a gé ní bùlọ́ọ̀kù. Àwọn aláró náà nílò omi eérú, nítorí pé aró inú ewé ẹ̀lú kì í yọ́ nínú omi lásán. Ìgbà tí ó bá kan nínú ìkòkò, tí ìkíkan náà sì gba ọ́síjìn lára rẹ̀, ni ó tó lè yọ́ sínú omi álíkálì kí ó sì wọ inú òwú, lẹ́yìn èyí tí afẹ́fẹ́ yóò tún dá àwọ̀ búlúù rẹ̀ padà nígbà tí a bá sá aṣọ. Ara irú álíkálì eérú bẹ́ẹ̀ ni Humphry Davy ti fi agbára iná yọ pọtásíọ̀mù ní ìlú London ní ọdún 1807.

Kán-ún yàtọ̀ sí eérú ní orísun, ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ ni. Kì í ṣe ohun tí a sun. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, pàápàá ní agbègbè Kánẹ́mù àti àwọn ibòmíràn ní àyíká Adágún Sháàdì, níbi tí oòrùn ti ń fa omi gbẹ tí iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń dì. Àkójọpọ̀ rẹ̀ ni Na₂CO₃·NaHCO₃·2H₂O, èyí tí ó fi hàn pé sódíọ̀mù ni ó wà nínú rẹ̀ ju pọtásíọ̀mù lọ, àti pé kábọ́néètì àti báíkábọ́néètì ni ó jùmọ̀ para pọ̀. Kán-ún ni ó ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀, nítorí pé omi álíkálì ń tú ohun tí ó so èèpo àti inú hóró ẹ̀wà pọ̀. Òun náà ni ó ń mú ilá àti ewédú yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n omi kan náà ń ba fítámì B1 àti fítámì C inú oúnjẹ jẹ́, ó sì ń fi sódíọ̀mù kún un.

7.4 Kí ni bóráàsì?

Bóráàsì jẹ́ iyọ̀ tí sódíọ̀mù àti bórọ́ọ̀nù para pọ̀ ṣe, tí a ń kọ báyìí: Na₂B₄O₇·10H₂O. Omi tí ó dì mọ́ ọn lára pọ̀ gan-an: nínú giramu 100 bóráàsì, omi nìkan kó nǹkan bíi giramu 47. Ó funfun, kò ní òórùn, ó máa ń yọ́ díẹ̀ nínú omi tútù, ó sì máa ń yọ́ dáadáa nínú omi gbígbóná.

Bórọ́ọ̀nù ni ó yà á sọ́tọ̀. Kò sí bórọ́ọ̀nù nínú kán-ún mímọ́, kò sí i nínú sódà, ìwọ̀nba kín-ún ni ó sì lè wà nínú eérú. Wilhelm Homberg ni ó kọ́kọ́ yọ bóríkì ásíìdì láti inú bóráàsì ní ọdún 1702. Bórọ́ọ̀nù gan-an kò jáde títí di ọdún 1808, nígbà tí Davy ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Gay-Lussac pẹ̀lú Thénard ní ilẹ̀ Faransé yọ ọ́ láàárín ọdún kan náà. Kí ó tó di ìgbà náà, bóráàsì tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ní Yúróòpù ń lò máa ń ti àwọn adágún ilẹ̀ Tìbẹ́ẹ̀tì wá. Láti àwọn ọdún 1860 síwájú, Kalifóníà ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, lónìí, ilẹ̀ Tọ́kì ni ó ní èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ ní gbogbo àgbáyé.

Kì í ṣe èèṣì pé kò sí bóráàsì lábẹ́ òkè Ọ̀kà. Àwọn ibi tí bóráàsì ti ń dì jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ tí omi ń ṣàn wọ̀ tí kò sì ní ọ̀nà àbájáde, tí omi gbígbóná láti abẹ́ òkè tí ó ń tú iná jáde sì ti kó bórọ́ọ̀nù wọ inú rẹ̀. Àkókó kò rí bẹ́ẹ̀: òjò ibẹ̀ pọ̀, omi rẹ̀ sì ń ṣàn lọ. Bórọ́ọ̀nù wà ní ilẹ̀ Yorùbá o, nítorí pé ó wà nínú tọmalíìnì, òkúta iyebíye tí wọ́n ń wà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n tọmalíìnì kì í yọ́ nínú omi, kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń wá bóráàsì. Nítorí náà, bóráàsì tí a bá rí ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà jẹ́ ọjà òkèèrè, yálà nínú ọ̀rá alágbẹ̀dẹ tàbí nínú ohun tí a ti fi í ṣe, bí ìpara dídán tí ó wà lára abọ́ tánganran, àti dígí tí iná kì í tètè fọ́, irú èyí tí a fi ṣe ife ìwọnmi inú yàrá kẹ́místìrì ilé-ìwé.

7.5 Ìdí tí bóráàsì fi ń ṣe bí álíkálì, àti ibi tí ìjọra náà dé

Nígbà tí bóráàsì bá yọ́, ó máa ń bá omi ṣiṣẹ́ pọ̀, tí a fi lè kọ ọ́ ní ṣókí báyìí:

Na₂B₄O₇ + 7H₂O → 2NaOH + 4H₃BO₃

NaOH jẹ́ álíkálì tí ó le, H₃BO₃ tí í ṣe bóríkì ásíìdì sì jẹ́ ásíìdì tí kò lágbára rárá. Àwọn méjèèjì kì í kàn dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ìdajì bóríkì ásíìdì náà yóò gba OH⁻ mọ́ra, yóò di B(OH)₄⁻, ìdajì yòókù yóò sì wà bí ó ti wà. Bí ásíìdì kan àti ọmọ rẹ̀ bá wà ní ìwọ̀n kan náà báyìí nínú omi kan, omi náà máa ń kọ ìyípadà. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní bọ́fà. Bí a bá kán ásíìdì díẹ̀ sí i, apá kan yóò gbà á. Bí a bá kán álíkálì díẹ̀ sí i, apá kejì yóò gbà á. Bí a bá sì da omi sí i, pH rẹ̀ kò ní yẹ̀ púpọ̀ kúrò ní 9.2. Omi bóráàsì dúró ṣinṣin débi pé wọ́n ń lò ó láti fi tún ẹ̀rọ ìwọn pH ṣe. Sódà kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá fi omi ìlọ́po mẹ́wàá là á, pH rẹ̀ yóò sọ̀ kalẹ̀ láti 13 sí 12.

Ìyàtọ̀ agbára tí ó wà láàárín wọn tóbi ju bí òǹkà pH ṣe lè mú ènìyàn rò lọ. Láti 9.2 dé 13 jẹ́ ìṣísẹ̀ mẹ́ta àti díẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n OH⁻ inú omi sódà náà ju ti inú omi bóráàsì lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 6,000. Èyí ni ìdí tí sódà fi lè sọ àdín di ọṣẹ, tí bóráàsì kò sì lè ṣe é bí a tilẹ̀ sè é láti òwúrọ̀ di alẹ́. Kábọ́néètì wà láàárín méjèèjì: ó lè sọ ásíìdì ọ̀rá tí ó ti dá dúró nínú epo àtijọ́ di ọṣẹ, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣòro fún un láti pín ọ̀rá tí ó ṣì so pọ̀.

Àtẹ 7.1: Àwọn èròjà márùn-ún tí ó lè funfun nínú ọ̀rá

| Èròjà | Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ | pH omi rẹ̀ | Bí a bá da fínígà sí i | Bí a bá yan án lórí iná |
|---|---|---|---|---|
| Sódà | NaOH | bíi 13 | ó gbóná, kì í hó bí ó bá mọ́ | ó yọ́, ó léwu |
| Sódà ìfọṣọ | Na₂CO₃ | bíi 11.6 | ó hó | kì í di dígí |
| Kán-ún | Na₂CO₃·NaHCO₃·2H₂O | bíi 10 | ó hó | omi àti gáàsì jáde, ìyẹ̀fun kù |
| Bóráàsì | Na₂B₄O₇·10H₂O | 9.2 | kì í hó | ó wú, ó sì yọ́ di dígí |
| Álọ́ọ̀mù | KAl(SO₄)₂·12H₂O | abẹ́ 7 | kì í hó | ó wú, ó di fòfòfò |

(Òǹkà pH fún sódà àti sódà ìfọṣọ jẹ́ ti omi 0.1 M.)

7.6 Bí a ṣe ń ya bóráàsì sọ́tọ̀ nínú yàrá kẹ́místìrì

*Àyẹ̀wò 1: lítímọ́ọ̀sì.* Àyẹ̀wò yìí ń ya álọ́ọ̀mù kúrò lára àwọn yòókù, nítorí pé omi álọ́ọ̀mù jẹ́ ásíìdì tí ó ń sọ lítímọ́ọ̀sì búlúù di pupa. Kò lè ya bóráàsì kúrò lára kán-ún, nítorí pé àwọn méjèèjì ń sọ pupa di búlúù. Ẹni tí ó bá dúró síbí yìí ni ó máa ń parí èrò rẹ̀ sí pé ohun kan náà ni wọ́n.

*Àyẹ̀wò 2: ásíìdì.* Bí a bá kán fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ sórí kán-ún, yóò hó, gáàsì tí yóò jáde yóò sì mú kí omi láìmù, ìyẹn kásíọ̀mù háídírọ́kísáìdì tí a yọ́ sínú omi, funfun bí omi ògì. Gáàsì yìí ni káábọ̀n dáyọ́kísáìdì. Bóráàsì kò ní kábọ́néètì, kò sì ní hó. Sódà mímọ́ náà kì í hó, ṣùgbọ́n èyí tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́ sí lè hó díẹ̀.

*Àyẹ̀wò 3: iná.* A ó tẹ wáyà pílátínọ́ọ̀mù ní ẹnu bí òrùka kékeré, a ó mú un gbóná, a ó sì fi kan bóráàsì. Bóráàsì náà yóò wú nítorí omi tí ó ń sá jáde, lẹ́yìn náà yóò rọlẹ̀, yóò yọ́, yóò sì di ìlẹ̀kẹ̀ dígí kékeré tí ojú ríran já. Bí a bá fi ìlẹ̀kẹ̀ náà kan ìwọ̀nba iyọ̀ kóbáltì tí a sì dá a padà sínú iná, yóò di búlúù tí ó ṣú. Mángánísì yóò sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò, kúrómíọ̀mù yóò sì sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bóráàsì yíyọ́ ń gbé ọ́kísáìdì irin mì. Álọ́ọ̀mù náà máa ń wú lórí iná, ṣùgbọ́n kì í di dígí.

*Àyẹ̀wò 4: glycerol.* Èyí ni ó dájú jù lọ fún ilé-ìwé. A ó kán phenolphthalein, ohun tí àwọ̀ rẹ̀ ń fi álíkálì hàn, sínú omi bóráàsì, omi náà yóò sì di pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí a bá da glycerol tí ó tó sí i, àwọ̀ náà yóò lọ. Bí a bá mú un gbóná, àwọ̀ yóò padà dé. Bí ó bá tutù, yóò tún lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé glycerol máa ń so mọ́ bóríkì ásíìdì, tí àwọn méjèèjì yóò sì di ásíìdì mìíràn tí ó lágbára ju bóríkì ásíìdì lọ, tí ó tó láti pa OH⁻ inú omi náà. Kò sí bórọ́ọ̀nù tí ó pọ̀ tó tí glycerol lè so mọ́ nínú omi eérú, omi kán-ún tàbí omi sódà, nítorí náà àwọ̀ tiwọn kò ní yí padà. Glycerol tí a bí nínú ìkòkò ọṣẹ ni ó wá ń jẹ́rìí báyìí pé bóráàsì kì í ṣe kán-ún, eérú tàbí sódà.

*Àyẹ̀wò 5: ìwọn.* A ó wọn bóráàsì giramu 4.77, a ó yọ́ ọ sínú omi, a ó sì fi omi kún un dé 250 cm³, kí ó lè jẹ́ 0.05 M. A ó mú 25 cm³ nínú rẹ̀, a ó fi methyl orange, ohun tí àwọ̀ rẹ̀ ń fi ásíìdì hàn, sí i, a ó sì máa kán HCl 0.1 M sí i títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí. Ìṣirò rẹ̀ nìyí:

Na₂B₄O₇ + 2HCl + 5H₂O → 2NaCl + 4H₃BO₃

HCl tí ó máa gbà jẹ́ 25 cm³. Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù kábọ́néètì 0.05 M náà máa gba 25 cm³ gan-an, nítorí pé òun náà ń pa HCl méjì. Ìwọn yìí nìkan, tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ dáadáa láti inú ìdánwò WAEC, kò lè sọ èyí tí ó jẹ́ bóráàsì. Ohun tí yóò sọ ọ́ ni ìgbésẹ̀ kejì: a ó se omi tí a ti wọn náà kí káábọ̀n dáyọ́kísáìdì lè jáde tán, a ó jẹ́ kí ó tutù, a ó da glycerol púpọ̀ àti phenolphthalein sí i, a ó wá máa kán NaOH 0.1 M sí i. Èyí tí ó jẹ́ bóráàsì yóò gba 50 cm³ kí àwọ̀ tó yọ, nítorí bóríkì ásíìdì mẹ́rin tí ó ti inú bóráàsì kọ̀ọ̀kan jáde. Èyí tí ó jẹ́ kábọ́néètì yóò yọ àwọ̀ ní kété, nítorí pé kò sí nǹkan tí ó kù nínú rẹ̀ ju iyọ̀ àti omi lọ.

7.7 Lílò wọn àti ewu tí ó wà nínú àṣìmú

Ní oko, eérú àti bóráàsì lè jọ dé ìdí ọ̀pẹ kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò jọra. Eérú ń dá pọtásíọ̀mù padà sínú ilẹ̀, ó sì ń dín ìkan ilẹ̀ kù. Bóráàsì kò wà fún ìkan ilẹ̀. Bórọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ni ọ̀pẹ ń wá, nítorí pé ọ̀pẹ tí kò bá rí bórọ́ọ̀nù tó máa ń yọ imọ̀ kúkúrú tí orí rẹ̀ ká bí ìkọ́. Ìwọ̀nba kékeré ni a ń fún un. Àgbẹ̀ tí ó bá da bóráàsì bí ẹni ń da eérú yóò pa ohun ọ̀gbìn rẹ̀, nítorí pé bórọ́ọ̀nù tí ó bá pọ̀ jù jẹ́ májèlé fún ewéko.

Lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà, bóráàsì ń yọ́ lórí iná, ó ń bo ojú wúrà tàbí fàdákà kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án, ó sì ń kó ọ́kísáìdì kúrò lójú rẹ̀, kí irin méjì lè jó pọ̀ mọ́ra. Nítorí ìwà yìí ni àwọn awakùsà wúrà kékeré ní agbègbè Benguet ní Fílípíìnì fi ń lo bóráàsì láti yọ wúrà láìlo mákúrì, ọ̀nà tí ó yẹ kí a mọ̀ ní orílẹ̀-èdè tí àwọn awakùsà wúrà kékeré wà ní agbègbè Iléṣà àti ní Zamfara. Kán-ún kò lè ṣe iṣẹ́ yìí bí bóráàsì ṣe ń ṣe é, nítorí pé agbára tí iṣẹ́ náà nílò wà lọ́wọ́ bórọ́ọ̀nù.

Inú ilé ìdáná ni àṣìmú ti léwu jù. Sódà máa ń jó awọ ara, ó sì ń jó ọ̀fun. Ọmọ tí ó bá gbé e mì lè ní àpá tí yóò dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ mú un bì, ilé ìwòsàn ni a ń gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Bóráàsì kì í jó ẹnu bẹ́ẹ̀, èyí sì ni ó ń tan ènìyàn jẹ, nítorí pé ewu tirẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lẹ́: ó lè fa èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti gìrì, ó sì lè ba ọ̀nà ìbímọ jẹ́ fún ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ́ léraléra. Ìjọba ilẹ̀ Indonéṣíà àti Màléṣíà ti fòfin de fífi í sínú oúnjẹ, níbi tí àwọn kan ti ń lò ó kí ẹran lílọ̀ tí a ṣù àti núdù lè le, kí ó sì pẹ́. Kán-ún gan-an, tí ó jẹ́ ohun oúnjẹ, kò yẹ kí ó pọ̀: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò nílò sódíọ̀mù sí i, àwọn dókítà ní Zaria sì ti so kùnún oníkán-ún tí àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ń mu níbẹ̀ mọ́ àìsàn ọkàn tí ń dé lẹ́yìn ìbímọ nínú ìwádìí àwọn ọdún 1970. Ẹni tí ó bá fi bóráàsì se ẹ̀wà nítorí pé ó funfun bí kán-ún ti gbé ohun mìíràn wọ inú ìkòkò.

7.8 Àkópọ̀

Álíkálì jẹ́ orúkọ ìwà. Bóráàsì jẹ́ orúkọ èròjà. Lítímọ́ọ̀sì àti pH ń sọ ìwà, wọn kì í sọ ohun tí ó ni ín. Láti mọ ohun tí a mú lọ́wọ́, ó di dandan kí a wádìí ohun tí ó so mọ́ sódíọ̀mù tàbí pọtásíọ̀mù inú rẹ̀: OH⁻ ni ó ń fún sódà ní agbára ọṣẹ, kábọ́néètì ni ó ń mú kán-ún àti omi eérú hó, bórọ́ọ̀nù ni ó sì ń fún bóráàsì ní dígí rẹ̀, ìdúróṣinṣin pH rẹ̀, ìwúlò rẹ̀ fún ọ̀pẹ àti ewu rẹ̀ nínú oúnjẹ.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín béèsì àti álíkálì, kí o sì fi àpẹẹrẹ kan gbe èyí lẹ́yìn.
2. Kí ló dé tí omi tí ó kán láti inú ajere fi ń ṣe ọṣẹ dáadáa nígbà tí eérú bá jẹ́ tuntun ju ìgbà tí ó bá ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ lọ?
3. Omi bóráàsì 0.05 M àti omi sódíọ̀mù kábọ́néètì 0.05 M gba ìwọ̀n HCl kan náà nígbà tí a lo methyl orange. Sọ ìgbésẹ̀ tí yóò yà wọ́n, kí o sì ṣe ìṣirò NaOH 0.1 M tí a óò lò fún 20 cm³ bóráàsì náà.
4. Ṣírò ìwọ̀n omi tí yóò jáde bí a bá yan giramu 50 bóráàsì títí gbogbo omi ara rẹ̀ fi tán.
5. Ìyálọ́jà kan ní Ọ̀kà ní ọ̀rá mẹ́ta tí kò ní orúkọ; kán-ún, álọ́ọ̀mù àti bóráàsì ni ó wà nínú wọn. Lítímọ́ọ̀sì, fínígà àti iná nìkan ni ó wà lọ́wọ́. Kọ bí a ó ṣe mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ẹsẹẹsẹ, kí o sì sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó tọ́ ọ̀kankan nínú wọn wò.